Fájuyì: Ọmọ Adó-Èkìtì tí Gẹ̀ẹ́sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ẹ̀mejì

Ní Adó-Èkìtì, kò sí ọjọ́ tí ẹnu kì í pe Fájuyì. Ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ á ní "Fájuyì wà o." Ọlọ́kadà á béèrè pé "Ṣé Fájuyì lẹ̀ ń lọ?" Tí ọdún ìbò bá dé, àwọn olóṣèlú á kéde pé ní Fájuyì làwọn máa ti pàdé. Pápá ìrántí tí wọ́n fi orúkọ ọkùnrin náà sọ ló sọ orúkọ rẹ̀ di orúkọ ibùdókọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá dá ọmọ ogún ọdún dúró níbẹ̀, kí ẹ bi í pé ta ni Fájuyì gan-an, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa sọ ò ju gbólóhùn kan lọ: sójà tó bá àlejò rẹ̀ kú ni.

Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó kù. Kó tó di òru ọjọ́ tí wọ́n pa á n'Ìbàdàn, ọkùnrin yìí ti lo bí ọdún mẹ́tàlélógún nínú iṣẹ́ ológun. Gẹ̀ẹ́sì ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan lásìkò Ọba George Kẹfà, èkejì lásìkò Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ohun tó ṣe tó fi gba méjèèjì la fẹ́ kí ẹ̀yin olùgbọ́ wa mọ̀ lónìí, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa rò pé ohun tó ṣe n'Ìbàdàn kàn ṣàdédé wá ni.

Olùkọ́ tó di sójà

Ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, 1926 ni wọ́n bí Adékúnlé Fájuyì. Francis ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ fúnra ẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá fún ẹni tó bá létí: "uyì" làwa Èkìtì ń pe ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń pè ní "iyì", bí a ṣe ń pe ilé ní "ulé". Ká ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí ni, bóyá Fájiyì ni à bá máa gbọ́.

Adó ìgbà náà ò jọ ti ìsinsìnyí. Abẹ́ Oǹdó ni gbogbo Èkìtì wà nínú ètò ìjọba amúnisìn, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì kù ní àádọ́rin ọdún kó tó dé, ní 1996. Ọmọ bí ọdún mọ́kànlá ni Fájuyì nígbà tí Ọba Aládésanmí Kejì gorí ìtẹ́ Ewì ní 1937. Ìwé mímọ̀ ò tíì pọ̀ nílùú, ẹni tó bá sì kà á dé ìwọ̀n kan, iṣẹ́ olùkọ́ ló sún mọ́ ọn jù. Iṣẹ́ náà ni Fájuyì kọ́kọ́ ṣe.

Ní 1943 ló fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tó lọ gbé ìbọn. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ogun Hitler ṣì ń jà lọ́wọ́ nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì sì ń kó àwọn ọmọkùnrin wa lọ sí Bọ́mà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Fájuyì wọ̀ ni Royal West African Frontier Force, tí wọ́n kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia. Òyìnbó ni gbogbo ọ̀gá tó jọ ọ̀gá níbẹ̀. Dúdú lè di sájẹ́ńtì, àmọ́ àtidi ọ̀gá tí sójà ń bẹ́rí fún, ọ̀nà jìn.

Ẹ̀ka Signal ni wọ́n fi í sí. Àwọn tó ń fi rédíò àti wáyà gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan sí òmíràn nìyẹn. (Àwa tí à ń jẹun nídìí rédíò ò lè ṣe ká má dúró kí i níbí: ọmọ ẹgbẹ́ wa ni.) Kò yani lẹ́nu pé olùkọ́ ló bọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ìwé, etí tó mú àti sùúrù ni. Tí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ bá ṣi lẹ́tà kan kọ, àwọn tó wà lójú ogun lè lọ síbi tí kò yẹ kí wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bí àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́

Sájẹ́ńtì ni Fájuyì nígbà tí àwọn sójà ẹ̀ka rẹ̀ yarí nítorí ìpín oúnjẹ wọn. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní bárékè o. Sójà lè fara da òjò, ó lè fara da ìyà, àmọ́ bó bá ti ń rò ó pé ẹnì kan ń jẹ nínú abọ́ òun, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú òfin ológun, bí àwọn sójà bá fìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn ò gba àṣẹ, ọ̀tẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wọ̀n ló ń tìdí ẹ̀ yọ, ó sì lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó máa ń há sáàárín nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni sájẹ́ńtì. Àwọn ọ̀gá òyìnbó ń wo ojú rẹ̀ pé kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ níjàánu. Àwọn ọmọ náà, tí wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ kan náà, ń wò ó bóyá ti ta ló máa ṣe. Fájuyì wà lára àwọn tó pa iná ọ̀rọ̀ náà kó tó ràn. Nítorí èyí ni Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní British Empire Medal ní 1951.

Àwọn kan lè sọ pé ti òyìnbó ló ṣe. Ó ṣeé sọ. Ohun táwọn sójà yẹn ń bínú sí kì í ṣe nǹkan kékeré, ó sì rọrùn fún àwa tí a jókòó lónìí láti ní kí wọ́n dojú ilé rú. Àmọ́ ẹ rántí pé tí bárékè bá gbaná, kì í ṣe òyìnbó ló máa kọ́kọ́ jó. Àwọn ọmọkùnrin tí ebi ń pa yẹn náà ni wọn ì bá wọ́ lọ síwájú adájọ́ ológun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ọ̀tẹ̀ sójà ló pa ọkùnrin tó gba àmì-ẹ̀yẹ lórí pípẹ̀tù sí ọ̀tẹ̀ sójà.

Ní oṣù Keje, 1954, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Eaton Hall, nítòsí ìlú Chester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ńlá ìdílé Duke ti Westminster ni wọ́n sọ di ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ìjọba wọn fi dandan mú wọ iṣẹ́ ológun ló pọ̀ jù láàárín àwọn tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ó kù díẹ̀ kí Fájuyì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti ṣe sójà fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó jáde pẹ̀lú oyè ọ̀gá lórí èjìká. Àwọn dúdú tó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà, èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kóńgò, 1961

Ká tó sọ ti àmì-ẹ̀yẹ kejì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Kóńgò, torí àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ̀ pé sójà Nàìjíríà jagun níbẹ̀ ò pọ̀ mọ́.

Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, 1960. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí àwọn sójà ibẹ̀ fi dìde sí àwọn ọ̀gá òyìnbó wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 11, oṣù Keje, Moïse Tshombe kéde pé agbègbè Katanga, níbi tí bàbà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ pọ̀ sí, ti yọ ara rẹ̀ kúrò lára Kóńgò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè kó sójà wá kí ìlú má bàa tú ká. Nàìjíríà tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ti ní ọmọ ogun níbẹ̀ kí ọdún náà tó parí.

Àríwá Katanga ló gbóná jù. Àwọn Balúbà tó ń gbé níbẹ̀ kò fẹ́ Tshombe. Àwọn sójà Tshombe, pẹ̀lú àwọn òyìnbó tó ń jagun gbowó, ń gbógun wọ abúlé wọn. Àwọn ọ̀dọ́ Balúbà náà mú ọfà, wọ́n mú àdá, wọ́n mú ìbọn tí wọ́n bá rí, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sójà tó ń bọ̀ lọ́nà wá láti là wọ́n ni àbí láti pa wọ́n. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, 1960, sójà Ireland mọ́kànlá tó wà lábẹ́ Àjọ Àgbáyé kó sọ́wọ́ àwọn tó lúgọ dè wọ́n nítòsí Niemba. Mẹ́sàn-án ló kú nínú wọn.

Irú ilẹ̀ tí bàtálíọ̀nù kẹrin Queen's Own Nigeria Regiment lọ nìyẹn. Òyìnbó kan, Lieutenant Colonel Price, ni ọ̀gá bàtálíọ̀nù náà. Fájuyì ti di Méjọ̀, òun ló sì ń darí ìpín tí wọ́n ń pè ní "C" Company. Nínú iṣẹ́ ológun, irú ìpín bẹ́ẹ̀ máa ń ju ọgọ́rùn-ún ọkùnrin lọ.

Ní 1961, wọ́n lúgọ dè wọ́n. Fájuyì sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn, ó wá dà bí ohun tó rọrùn. Kò rọrùn. Ẹni tó lúgọ ló mọ ibi tí ìwọ wà, ìwọ ò mọ ibi tó wà. Òun ló yan ibẹ̀, òun ló yan àsìkò, ìbọn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ dún. Ara èèyàn á fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì: kó dọ̀bálẹ̀ síbi tó wà, tàbí kó yí padà kó sá. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, wọ́n á pa á síbẹ̀. Ẹni tó sá, bóyá ọ̀nà tó fẹ́ sá gbà yẹn ni wọ́n dí dè é. Ọ̀gá ní láti pinnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà já jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì mú kí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí àyà ń já gbà pé ọ̀nà yẹn ni. Ó ní láti mú kí àwọn kan máa yìnbọn bo àwọn yòókù, kí wọ́n sì kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ dání. Tí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ ronú ẹ̀mí ara rẹ̀, àwọn ọmọ á rí i lójú rẹ̀, ó tán nìyẹn.

Military Cross ni wọ́n fún un. Oṣù Kejìlá, 1914, nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ni Gẹ̀ẹ́sì dá àmì-ẹ̀yẹ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ológun tó bá fi ìgboyà jà lójú ogun orí ilẹ̀. Àgbélébùú fàdákà ni, tó so mọ́ rìbọ́ọ̀nù funfun tó ní ìlà elésè àlùkò láàárín. Wọn kì í fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ nítorí pé ó pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ojú ogun nìkan ni wọ́n ti ń gbà á.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣebí Nàìjíríà ti gba òmìnira, kí ló wá kan Gẹ̀ẹ́sì? Ìbéèrè tó dáa ni. Òmìnira dé ní 1960, àmọ́ Ọbabìnrin Elizabeth ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa títí di ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 1963, tí Nàìjíríà fi di olómìnira tí kò ní ọba lókè òkun mọ́. Orúkọ ọbabìnrin náà ló wà lára orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa pàápàá. Torí náà, sójà Nàìjíríà ni Fájuyì, abẹ́ Àjọ Àgbáyé ló ti jà, àmì-ẹ̀yẹ Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ́ ọ láyà.

Ẹ má ṣàṣìṣe kan tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìsinsìnyí o. Adékúnlé tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú, tó darí àwọn ọmọ ogun Marine Commando kẹta nígbà ogun abẹ́lé, ẹlòmíràn nìyẹn. Benjamin Adékúnlé lórúkọ tirẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Adékúnlé tiwa ti wọlẹ̀ lọ.

Láti Enúgu dé àga gómìnà

Lẹ́yìn Kóńgò, Fájuyì di ọ̀gá bàtálíọ̀nù kìíní ní Enúgu, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa di ipò náà mú. Ibẹ̀ ló wà títí di ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta láti lọ ṣe ọ̀gá ibùdó ológun tó wà níbẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún 1966 wọlé.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni. Wọ́n ṣe ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹwàá, 1965, wàhálà "wetíẹ̀" sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti ènìyàn lára. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan gbìyànjú láti gba ìjọba. Wọ́n pa Olórí Ìjọba Tafawa Balewa, wọ́n pa Sardauna ní Kaduna, wọ́n pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn. Nínú àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n pa, ọmọ Yorùbá méjì wà: Adémúlẹ́gùn àti Ṣódẹ́ìndé. Nígbà tí eruku náà sílẹ̀, ọwọ́ Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi ni ìjọba bọ́ sí. Ó yan gómìnà ológun mẹ́rin: Hassan Katsina fún Àríwá, Ojúkwu fún Ìlà-Oòrùn, Ejoor fún Àárín Ìwọ̀-Oòrùn, Fájuyì fún Ìwọ̀-Oòrùn.

Ironsi àti Fájuyì ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ogun jẹ́. Ironsi náà ti jagun ní Kóńgò, òun ló tún wá darí gbogbo ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé níbẹ̀ ní 1964, kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́fà lé díẹ̀ ni Fájuyì lò lórí àga. Kò pẹ́ tó kí èèyàn máa ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti gómìnà tó lo ọdún mẹ́jọ. Àmọ́ iná "wetíẹ̀" kú, àwọn èèyàn padà sùn nílé wọn, ìyẹn nìkan sì tó nǹkan fún ẹni tó bá fojú rí 1965.

Òru ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Nǹkan ò rọ̀ lápá ibòmíràn. Àwọn sójà Àríwá ń bínú pé wọ́n pa àwọn àgbà wọn ní oṣù Kìíní, a ò sì fìyà jẹ àwọn tó ṣe é. Nígbà tí Ironsi tún ṣòfin ní oṣù Karùn-ún pé òun pa àwọn agbègbè pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, iná ràn ní Àríwá, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ Íbò. Ironsi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri láti bá ìlú sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ó bá àwọn ọba pàdé n'Ìbàdàn. Alẹ́ ọjọ́ náà, ilé ìjọba tí Fájuyì ń gbé ló sùn. Bó ṣe di àlejò nìyẹn.

Alẹ́ yẹn kan náà ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta, ibùdó tí Fájuyì ti ṣe ọ̀gá ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Wọ́n pa Lieutenant Colonel Okonweze tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 29 tó mọ́, sójà ti yí ilé ìjọba Ìbàdàn ká. Méjọ̀ Theophilus Danjuma ló ṣáájú wọn. Ibi tó máa ń dun àwa tí a mọ ìtàn Kóńgò nìyí: sójà bàtálíọ̀nù kẹrin, tó ní bárékè n'Ìbàdàn, ni wọ́n. Bàtálíọ̀nù tí Fájuyì ti kó ọmọ ogun rẹ̀ jáde nínú ikú ní 1961 ló wá ká a mọ́lé ní 1966.

Wọ́n mú Fájuyì, wọ́n mú Ironsi. Danjuma ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun lòun lọ mú Ironsi, àmọ́ òun kọ́ ló ní kí wọ́n pa á, pé àwọn sójà ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì sọ́kọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Ìwó lọ, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n nínú igbó lápá Lálúpọn. Andrew Nwankwo, ọ̀gá ọmọ ogun òfuurufú tó ń tẹ̀ lé Ironsi, rí àyè sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì wà lára àwọn tó wá jẹ́rìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Oṣù kan péré ló lé lórí ogójì ọdún tí Fájuyì lò láyé.

Ibi tí àríyànjiyàn wà la dé yìí. Ìtàn tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni pé ti Ironsi ni wọ́n wá, pé Fájuyì lè máa lọ, òun ló kọ̀ tó ní kò ṣeé ṣe kí wọ́n mú àlejò òun lọ nínú ilé òun kí òun sì wà láàyè. Àwọn mìíràn tó kọ̀wé lórí ọdún yẹn ní rárá, pé wọ́n wá Fájuyì fúnra rẹ̀ wá ni, torí àwọn sójà Àríwá kan gbà pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní, tàbí pé ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Tí ẹ bá bi wá, a ò rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ pa èkejì. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan lára àwọn tó wá ń bínú sí i. Ìyẹn ò sọ pé kò dúró ti àlejò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń wá gan-an ló ní ìdí jù láti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó sì ti ṣe ṣáájú ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì níbi ká gbé e yẹ̀ wò. Sájẹ́ńtì tó dúró sáàárín àwọn ọmọ tí ń bínú àti ọ̀gá tó ń halẹ̀ ni. Méjọ̀ tí kò jáde nínú ìbọn Katanga láìkó ọmọ rẹ̀ dání ni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò sí ohun tuntun tó ṣe ní ọjọ́ náà.

Èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ìtàn ni ohun tí ojú àwọn tó kù sẹ́yìn rí. Gowon di olórí ìjọba ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ. Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, ni wọ́n fi rọ́pò Fájuyì, ìlú tó jẹ́ pé àtẹ̀pẹ́ kọ́ láti Adó. Àmọ́ ìjọba ò kéde pé Ironsi àti Fájuyì ti kú. Oṣù márùn-ún kọjá. Àwọn èèyàn mọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́, àmọ́ òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún ẹni tí ìjọba ò tíì ní ó kú. Àfi ìgbà tí àwọn gómìnà ológun lọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní Aburi, lórílẹ̀-èdè Gánà, níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, 1967, ni ọ̀rọ̀ náà tó wá jáde síta. Oṣù yẹn náà ni wọ́n gbé òkú Fájuyì wá sí Adó-Èkìtì, tí wọ́n sì sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ tó tọ́ sí ológun. Ironsi náà, Umuahia ni wọ́n gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi gbogbo. Wọlé Ṣóyínká kọ ewì fún un, ó sì wà nínú ìwé ewì rẹ̀ tó ń jẹ́ Idanre tó jáde ní 1967. N'Ìbàdàn, ojú ọ̀nà kan ń jẹ́ Fájuyì, bárékè ńlá tó wà ní Odógbó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé kan ń jẹ́ Fájuyì, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì sì ti sùn níbẹ̀ láìmọ̀ pé ọmọ àdúgbò àwọn ni. Nílé níbí, pápá ìrántí rẹ̀ la ti ń gbọ́ ìlérí àwọn olóṣèlú, ibẹ̀ náà la ti ń jó tí ọdún bá dé. Tí ẹ bá tún wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́la, tí ọmọ tó jókòó tì yín bá bi yín pé ta ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn.